Ààlè Ọba Òyìnbó àti Ẹ̀yìn Ìyá Àgbà

Nígbà tí a sin Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, tán, ọkùnrin kan láti Gbaji dìde, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ó ní, "Ìyá tí a sin lónìí yìí, àjẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n fi ń kí tíṣà o!" Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe délé, èyí àbíkẹ́yìn mú igi ìdáná kan, ó ń fi lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri àgbàlá, ó ń pariwo pé òun ni Ìyá Àgbà. Mo gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fi bá ojú ẹnìkan.

Òtítọ́ ni pé Ìyá Àgbà fi àjẹ̀, igi tí a fi ń tu ọkọ̀, lu tíṣà. Kì í ṣe odidi àjẹ̀. Ìdajì tí ó ti kán ni, èyí tí wọ́n fi ń ro iná. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ náà nìyẹn pẹ̀lú, ìdajì kejì ni n kò fẹ́ kí ilẹ̀ jẹ. Èmi ni ó ṣojú mi, èmi ni ó sì ṣẹlẹ̀ sí.

Sẹ̀nàmi ni orúkọ wọn. Ẹ̀gùn ni èdè tí wọ́n fi ń lá àlá, Yorùbá ni wọ́n fi ń bá wa wí. Abúlé wa wà létí ọ̀sà, ní òdìkejì Topo, ilé mẹ́sàn-án péré láàárín igi àgbọn. Ìyá Àgbà ga, wọ́n gbẹ, apá wọn sì le bí okùn ìdákọ̀ró. Wọ́n kì í sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ ni yóò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo rántí ọjọ́ tí mo tẹ̀ síwájú nínú ọkọ̀ láti já ewé kan tí ó léfòó lójú omi. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ni okùn tútù ní ẹ̀yìn mi, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí n tó lè fa ọwọ́ mi padà. Mo ké títí ohùn fi há mi. Ìyàwó àbúrò bàbá mi tí ó jókòó ní ìdí ọkọ̀ ní, "Ìyá, ó tó báyìí, ọmọdé ni." Ìyá Àgbà kò wo ẹ̀yìn. Ọmọ tiwọn kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni omi náà ti gbé lọ kí a tó bí mi. Wọ́n ń tu ọkọ̀ lọ, wọ́n ní, "Ẹkún tí mo lè gbọ́ ni mo fẹ́. Èyí tí omi bá gbé mì, etí mi kì í gbọ́ ọ."

N kò na ọmọ mi kankan rí. Mo máa ń ka orí wọn kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì máa ń tún un kà. Bóyá ohun kan náà ni. N kò mọ̀.

Ìyá Àgbà bá ọkùnrin jà ju bí wọ́n ṣe bá obìnrin jà lọ. Zósù, aládùúgbò wa, kó ẹja inú ìgèrè wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyá Àgbà bá a nínú omi tí ó mu wọ́n dé ìbàdí, wọ́n di orí rẹ̀ mú, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ omi. Ẹsẹ̀ Zósù ń jà lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù ẹja. Ọkùnrin mẹ́ta ni ó já wọn kúrò lára rẹ̀. Wọ́n gbé e sórí iyanrìn, ó pọ omi, ó sì nà sílẹ̀ bí òkú. Kí oòrùn tó mú, Ìyá Àgbà ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti ẹja yíyan wá fún un. Ẹ̀rù ń ba ìyàwó Zósù láti gbà á. Ìyá Àgbà gbé abọ́ náà sílẹ̀ lẹ́bàá orí rẹ̀, wọ́n ní, "Ìjà ti tán. Ebi ló ń pa á báyìí."

Ààlè wọn ni gbogbo etí ọ̀sà bẹ̀rù jù. Ẹni tí kò bá mọ ààlè, ohun tí a ń so mọ́ igi tàbí tí a ń rì mọ́ ilẹ̀ ni, kí olè lè mọ̀ pé nǹkan náà ní ẹni tó ni ín. Ti Ìyá Àgbà, àkísà pupa kan, ṣùkù àgbàdo kan àti ọwọ̀ gbígbó kan ni wọ́n máa ń dì pọ̀, wọ́n á so ó mọ́ ara igi àgbọn ní ibi tí ojú ènìyàn ga dé. Ará Aradagun kan rí i, ó sì gun igi náà bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà bá a lókè. Wọ́n yọ àdá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìdí igi náà, igi tiwọn, àgbọn tí ó ń so lọ́wọ́.

Ọkùnrin náà ké láti òkè: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́! Ìyá, n óò sọ̀ kalẹ̀!"

"Ṣé o kò rí ààlè ni?"

"Mo rí i, Ìyá!"

"Kí ló wí fún ọ?"

"Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án!"

"Ó ti wí tirẹ̀. Èmi náà ń wí tèmi."

Wọn kò dá àdá dúró. Ó fò sílẹ̀ nígbà tí igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jáde lára. Mo rí i, funfun ni. Wọ́n fi okùn àti pákó di ẹsẹ̀ náà fún un, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e dé ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà, mo bi wọ́n pé ṣé ààlè ni ó fa ìyẹn. Wọ́n ní, "Ẹni tí ó bá so ààlè tí kò sì ní í wá jà, àkísà lásán ni ó so."

Gbólóhùn yìí ni ó kó mi sí ìjàngbọ̀n.

Ilé ẹ̀kọ́ wa wà ní abúlé kejì, ọ̀nà ọkọ̀ kan sí wa, ilé ewé àgbọn kan ṣoṣo, tíṣà kan ṣoṣo. Ará Ẹ̀gbá ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, òun náà ni ó ń ka lẹ́tà fún gbogbo etí ọ̀sà. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Kutonu, oṣooṣù ni lẹ́tà wọn máa ń dé. Ìyá Àgbà a jókòó níwájú Tíṣà, Tíṣà a sì máa ka ohun tí bàbá mi sọ nípa àìsàn wọn àti ìyàwó wọn sókè, tí àwọn tí ó ń dúró de lẹ́tà tiwọn ń mi orí. Èyí máa ń dun Ìyá Àgbà. Ìdí tí wọ́n fi fi mí sílé ẹ̀kọ́ nìyẹn, èmi obìnrin, nígbà tí kò sí ọmọ kankan nínú ẹbí wa tí ó mọ A. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ọmọ mi kì í gba ẹnu ẹlòmíràn kọjá kí ó tó dé etí mi."

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo wà ní kíláàsì kejì. Ẹ́ḿpáyà Dè ń bọ̀, ọjọ́ tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń yan níwájú àsíá ọba òyìnbó. Tíṣà ya àsíá náà sára pátákó. Ó kọ́ wa pé pupa ni èyí, búlúù ni èyí, àgbélébùú mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, àti gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí a gbọdọ̀ fi dáhùn tí àlejò bá bi wá. Mo há gbólóhùn náà sórí. N kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo bi Ìyá Àgbà pé kí ni àsíá wà fún.

Wọ́n ń họ àgbọn lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Ọba òyìnbó ni."

"Níbo ni ọba náà wà?"

"Ó wà ní ìlú wọn. Kò dé ibí rí."

"Tí ẹnìkan bá fà á ya ńkọ́?"

"Tíṣà ní àwọn ṣọ́jà á wá."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọ̀bẹ gbá àgbọn náà, ó là sí méjì. "Kí ló dé tí ó fi ń ya àgbélébùú fún yín? Ààlè ni, *ovi ṣie*. Ààlè ni, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ Ẹ́ḿpáyà Dè, òyìnbó alábẹ̀wò kan wá pẹ̀lú ògbufọ̀ rẹ̀. Àwọn ọba abúlé, àwọn apẹja àti àwọn ìyá wa yí pápá ká. Mo ti fọ aṣọ mi lẹ́ẹ̀mejì. A yan, a kí àsíá. Òyìnbó náà na ìka sí mi, ó bi mí léèrè ohun tí ó wà lórí òpó. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà sá kúrò lórí mi. Ògbufọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá ní kí o sọ ọ́ ní èdè rẹ. Má bẹ̀rù."

Inú mi dùn. Èyí tí ó yé mi ni wọ́n bèèrè. Mo fi gbogbo ohùn mi sọ pé, "Ààlè ni, sà! Ààlè ọba òyìnbó. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan ibí yìí, torí pé òun ti ní i. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ṣọ́jà á wá."

Apẹja kan pariwo, "Ọmọ Sẹ̀nàmi! O ò ṣìnà!" Ẹ̀rín sì bẹ́ bí ìgbà tí òjò bá bọ́ lórí páànù. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ojú tí ó ń sá kiri. Òyìnbó náà kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, ó sì bi Tíṣà ní orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó kọ ìyẹn náà. Mo wo ojú Tíṣà. Ó ti di eérú. Mo ti di àgbà báyìí, mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù ni mo rí. Ó rò pé ìdádúró iṣẹ́ òun ni òyìnbó náà ń kọ sílẹ̀.

Ọkọ̀ òyìnbó kò tíì yí igun omi tán tí Tíṣà fi gbá mi létí. Etí òsì ni. Ohun kan dún nínú rẹ̀ bí ẹni já okùn, mo sì ṣubú. Ó gbé mi sórí bẹ́ńṣì, ó ní kí àwọn ọmọ di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi mú, kí àwọn yòókù sì máa kà, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Méjìlá ni. Ẹ̀jẹ̀ etí mi kán sórí bẹ́ńṣì náà, mo ń wò ó bí ó ṣe ń tàn. Ó ní, "Lọ sọ fún ìyá tó kọ́ ọ pé o ò gbọdọ̀ tẹ ibí mọ́."

Ìyá Àgbà ti tètè lọ sílé pẹ̀lú ọkọ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé, wọn kò bi mí pé ta ni. Wọ́n yí orí mi, wọ́n wo etí náà, wọ́n wo ẹ̀yìn mi. Wọ́n ní, "Mélòó?" Mo ní méjìlá. Wọ́n mú àjẹ̀ kíkán náà kúrò nínú iná, orí rẹ̀ ṣì ń rú èéfín.

Ohun tí ọkùnrin Gbaji ń sọ ni èyí tí ó tẹ̀lé e. Èmi àti wọn tu ọkọ̀ padà, wọ́n sì bá Tíṣà níbi tí ó ti ń ká àsíá. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lù ú bá èjìká. Ó gbé ọwọ́ sókè láti fi bo orí, ìkejì sì bá ọrùn ọwọ́ náà, a gbọ́ ọ nígbà tí ó dún. Ó ń wọ́ lórí iyanrìn, ó ń ké orúkọ Jésù, wọ́n ń tẹ̀lé e, wọ́n ń lù ú. Ènìyàn mẹ́rin ni ó dì wọ́n mú. Ìyá Àgbà bu ọ̀kan nínú wọn jẹ ní apá. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá dé, kóńdó wọn sì yọ eyín Ìyá Àgbà méjì. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n lò ní àtìmọ́lé kí ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Hùnsù, tó bẹ̀ wọ́n jáde. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ẹnu wọn wú, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé ó ti lọ sílé ẹ̀kọ́?"

N kò lọ. Orúkọ mi ti kúrò nínú ìwé. Gbogbo ìgbà òjò ni mo fi họ àgbọn, ohun tí mo kọ́ sì ń yọ́ lórí mi bí iyọ̀. Lẹ́tà bàbá mi méjì dé. Ìyá Àgbà kó wọn sábẹ́ ẹní. Kò sí ẹni tí ó kà wọ́n.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n jí mi, wọ́n wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fún mi. Wọ́n ti di àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo àti ọwọ̀ pọ̀. Wọ́n ní ọrùn mi ni àwọn óò so ó mọ́, kí n wọ kíláàsì bẹ́ẹ̀, kí àwọn wo ẹni tí yóò fọwọ́ kàn mí. Wọ́n ti ń ta kókó rẹ̀ nígbà tí Bàbá Hùnsù wọlé.

"Sẹ̀nàmi! Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń dáàbò bo ọmọ mi."

"Ọrùn ènìyàn lò ń so nǹkan mọ́? Ní Àgbádárìgì yìí? O ti gbàgbé ohun tí wọ́n so mọ́ ọrùn ìyá ìyá wa kí wọ́n tó mú un lẹ́rú gba ọ̀sà yìí kọjá?"

Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúró lọ́rùn mi. Mo ń gbọ́ èémí wọn. Wọ́n tú kókó náà, wọ́n sì ju ohun gbogbo sínú iná.

Wọ́n ní, "Mo ti lu Tíṣà, kò gbọ́. Ààlè kò ṣeé so. Kí ló kù, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹ̀bẹ̀ ló kù."

"N kò mọ̀ ọ́n bẹ̀."

"Lọ kọ́ ọ. Ọmọ yìí náà, ṣé ó mọ A kí ó tó dé ibẹ̀?"

Wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, arúgbó níwájú ọmọdé. Tíṣà ní òun yóò gbà mí lórí ohun kan: kí Ìyá Àgbà fúnra wọn nà mí ní ẹgba méjìlá níwájú gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìdáhùn mi kò dára. Wọ́n gbà. Nínú ọkọ̀, bí a ti ń lọ, ọwọ́ wọn ni mò ń wò. Mo ti jẹ okùn tútù wọn rí. Mo mọ bí ọwọ́ yẹn ṣe rí.

Mo dojú dé bẹ́ńṣì náà láì jẹ́ pé wọ́n dì mí mú. Tíṣà fún wọn ní pàṣán. Àwọn ọmọ tò, wọ́n ń dúró láti kà. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà lókè orí mi.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìdáhùn yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Dìde."

Mo dìde. Wọ́n fún mi ní gèlè wọn kí n bá wọn dì í mú. Wọ́n dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ńṣì náà, ẹsẹ̀ wọn gùn jù ú lọ. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹni tó kọ́ ọmọ yìí nìyí. Méjìlá lo wí."

"Ìyá, ẹ dìde! Ẹ má ba ayé mi jẹ́. Ta ló ń na ìyá arúgbó?"

"Ìwọ ni. Tàbí kí o wọlé, kí o kọ orúkọ rẹ̀ padà láì gba nǹkan kan."

Ó wo àwọn ọmọ. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó mú pàṣán náà, ó fi kàn wọ́n ní ẹ̀yìn bí ẹni lé eṣinṣin. Àwọn ọmọ ní, "Ọ̀kan."

"Ẹ má ka ìyẹn," ni Ìyá Àgbà wí. "Kì í ṣe irú èyí ni ọmọ mi jẹ."

Ojú Tíṣà pọ́n. Ó nà wọ́n. Ìyẹn wọlé, aṣọ wọn fò sókè. Ọ̀kan. Èjì. Àwọn ọmọ ń kà, ohùn wọn ń lọ sílẹ̀, títí ó fi kù díẹ̀ kí ó jẹ́ èmi nìkan ni mò ń kà á. Mo kà á nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé bí òǹkà bá sọnù, yóò tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan. Ní ìkeje, ilà ẹ̀jẹ̀ kan hàn lára bùbá wọn. Tíṣà ju pàṣán sílẹ̀. Omi ti kún ojú rẹ̀, ó ń mí bí ẹni sáré.

"Ó ti tó, Ìyá. Mo bẹ̀ yín, ó ti tó."

Ìyá Àgbà kò gbé orí. Wọ́n ní, "Ó ku márùn-ún."

Ó mú pàṣán náà padà. Mo ka mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá.

Wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀, wọ́n gba gèlè wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n wé e. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà títí Tíṣà fi ṣí ìwé tí ó sì kọ orúkọ mi sí i. Wọn kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n wò ó títí ó fi gbé kálàmù kúrò. Wọ́n yíjú sí mi. "Jókòó, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

Mo jókòó. Láti ojú fèrèsé, mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń lọ sí etí omi, wọ́n nà gbọnrangandan. Wọ́n wọ inú ọkọ̀, wọ́n gbìyànjú láti jókòó, wọ́n sì tún dìde. Tíṣà ń pe lẹ́tà lójú pátákó, a ń pè é tẹ̀lé e. Ìyá Àgbà dúró, wọ́n sì ń tu ọkọ̀ náà lọ ní ìdúró, títí wọ́n fi wọ àárín ewé tí n kò fi rí wọn mọ́.